Ọkọ̀ Dádì Ìtẹ́ Kò Pariwo Mọ́

Mẹkáníìkì ń pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Dádì Ìtẹ́, ọkọ mi, nínú ọgbà wa ní Eneka.

Mo kàn ń wò ó.

Nígbà tó parí, ó ṣíná sí ọkọ̀ náà. "Madam, see as e quiet!"

Ó ju ẹ́ńjìnnì àtijọ́ sínú kẹ̀kẹ́, ó gbé e lọ fún àwọn onírin àlòkù.

Nírọ̀lẹ́, mo wa ọkọ̀ náà wọlé bí mo ṣe máa ń ṣe.

Ìyá ọkọ mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ojú wọn ti fọ́.

"Mọ́mì, Dádì Ìtẹ́ ti dé. Ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n ti lọ sùn."

Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Ìyá Ìtẹ́, ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé ọmọ mi ti kú. Ariwo ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù fún mi.

"Níbo lo gbé ẹ́ńjìnnì àtijọ́ yẹn sí?"