Pe Orúkọ Ìyá Rẹ Tán

Aago méje òwúrọ̀ ni, ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kẹsàn-án. Òjò kò rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, omi odò ti fà, ìkùukùu funfun sì ń rọra gbéra lórí ibú. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú lọ́jọ́ náà, wọn yóò ti odò pa, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ pẹja sámọ́nì nínú rẹ̀ mọ́ títí di oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀.

Murdo Geddes kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀, ó sì lawọ́. Àléébù kan ló ní: kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Láti kékeré ló ti ń fi ìwọ̀ mú ẹja tíráútì kéékèèké nínú odò ẹ̀yìn ilé wọn, ó sì gbà pé ẹja ni gbogbo ẹja ń jẹ́.

Bàbá ìyàwó rẹ̀, Wattie Imlach, ti fi ogójì ọdún mú àwọn àlejò lọ pẹja lórí odò wa ní Skọ́tílándì. Lọ́dún yẹn, àìsàn ti gbé e dè. Dókítà ti sọ fún Ailsa ọmọ rẹ̀, ìyàwó Murdo, pé kò dájú pé bàbá yóò rí ìgbà tí wọn yóò tún ṣí odò. Bàbá fúnra rẹ̀ náà mọ̀. Ohun kan péré ló ń fẹ́.

"Kí ẹnì kan nínú ilé yìí mú sámọ́nì kan wá sétí omi. Màá fọwọ́ mi gbé e, màá jẹ́ kó máa lọ. Ó tán."

Apá rẹ̀ kò lè ju okùn mọ́. Ailsa lóyún oṣù méje, kò lè wọ odò. Murdo ló kù.

Bàbá mú ọ̀pá ìpẹja kan kúrò lára ògiri. Ó kúrú, ó sì fúyẹ́. "Òun ni mo fi kọ́ ìyàwó ẹ. Okùn rẹ̀ ń léfòó, ìwọ̀ kékeré ló ń gbé. Omi tó bá fà kò fẹ́ ariwo."

Murdo rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin bàbá yìí náà! Ọ̀pá ọmọ iléèwé lẹ fẹ́ gbé fún mi?"

Ó lọ sígboro, ó ra ọ̀pá tó gùn ju gbogbo èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ, pẹ̀lú okùn wíwúwo àti àwọn ìwọ̀ tó tó ìka ọwọ́. Abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n Murdo kò béèrè. Nígbà tí bàbá rí ọ̀pá náà lórí mọ́tò, ó ní, "Ọkọ ọmọ mi, ṣé iná àdúgbò ló bà jẹ́ tó o fi lọ ra òpó?"

Àwa tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Murdo náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò dá ọ̀pá padà.

Síbẹ̀, bàbá kọ́ ọ. "Ju okùn, jẹ́ kí omi gbé e yí wá, gbé ẹsẹ̀ kan sísàlẹ̀ odò, kó o tún jù. Má wọnú omi jù, etí bèbè lẹja ń sinmi. Bó bá wá gbé ìwọ̀, má fà á! Tíráútì la máa ń fà wìì. Sámọ́nì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí padà kí ìwọ̀ tó kọ́ ọ lẹ́nu. Rọra pe orúkọ ìyá ẹ tán, tilé bàbá rẹ̀ àti tilé ọkọ, kó o tó gbé ọ̀pá."

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ ìkẹyìn yẹn, èmi tí mo ń tún bèbè ṣe bá Ailsa gbé àga bàbá dé etí ibú. Ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó lẹ́sẹ̀. Murdo ti wọ omi dé ìbàdí.

"Murdo, o ti kọjá àwọn ẹja! Ẹ̀yìn ẹ ni wọ́n wà!"

"Àwọn ńlá wà láàárín, Bàbá!"

Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i. Ọ̀pá gígùn náà ń na omi bí ẹní na aṣọ lórí àpáta, àwọn ẹja sì ń sá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìwọ̀ há sórí igi lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó fi di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó fà sẹ́yìn sí etí bèbè, ó ju okùn kúkúrú kan láìretí ohunkóhun.

Okùn náà dúró. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í le.

Bàbá dìde lórí àga láìsí ẹni tó fà á dìde. "Rọra! Orúkọ ìyá ẹ!"

Àmọ́ ọwọ́ tíráútì ló wà lára Murdo. Gbogbo agbára rẹ̀ ló fi fa ọ̀pá náà sókè. Omi fọ́, ẹ̀gbẹ́ ẹja kan dán bí fàdákà lẹ́ẹ̀kan, ìwọ̀ òfìfo sì fò wá balẹ̀ lẹ́sẹ̀ bàbá. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára.

"Bàbá, ẹ forí jì mí."

Wattie bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ omi, ó sì jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ó wá nu ún sára bùláńkẹ́ẹ̀tì. "Ó rẹwà, àbí? Mo kúkú rí i. Ẹ jẹ́ ká lọ mu tíì."

Ó kú nínú oṣù kìíní, nígbà tí yìnyín bo bèbè. Ẹnikẹ́ni kò bá Murdo wí, títí kan Ailsa. Ìyẹn gan-an ni ìyà rẹ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé kò sí ìtìjú nínú kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ nǹkan. Irinṣẹ́ tó bá agbára wa mu ló yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe èyí tí yóò mú kí àwọn ènìyàn wò wá. Bí àgbà bá sì ń kọ́ wa, ká gbà á nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀, nítorí odò a máa tún ṣí lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n àgbà kì í padà wá.

Nínú oṣù kẹfà, nígbà tí omi tún fà, Murdo mú ọ̀pá kúkúrú náà kúrò lára ògiri. Ó lọ kan ilẹ̀kùn ọkùnrin tó gba iṣẹ́ Wattie, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ́ mi."