Ta Ló Ń Pààrọ̀ Bíìtì Má-fọwọ́-kàn-án?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka èèyàn sí olè kí ẹ tó bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

1.

Wẹ́dà kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Má-fọwọ́-kàn-án. Mi ò ní láti sọ ìdí rẹ̀: ẹni tó bá fọwọ́ kan irinṣẹ́ rẹ̀, ìjà dé nìyẹn. Òun àti àbúrò ìyàwó rẹ̀, géńdé ọkùnrin tó ti bímọ méjì, ni wọ́n jọ dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, ọkùnrin yìí nìkan ló lè fara da ẹnu rẹ̀.

Iṣẹ́ ńlá wọlé: ogójì bẹ́ẹ̀dì onírin fún ilé ìwé kan. Àbúrò ìyàwó ń jó irin pọ̀, Má-fọwọ́-kàn-án ń fi díríìlì lu ihò sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ wá wo bó ṣe ń lu ihò o! Yóò tẹ díríìlì débi tí eré rẹ̀ pin sí, yóò gbé gbogbo àyà lé e, kò ní kán epo sí i rárá. Irin á máa han gooro, èéfín á máa rú, òun á máa rẹ́rìn-ín: "Agbára nìyẹn!" Nígbà tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, bíìtì, ìyẹn irin lílọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń lu ihò náà, kò mú mọ́.

2.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó mú bíìtì kan, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó kúrú ju bó ṣe fi í sílẹ̀ lánàá. Ẹnu rẹ̀ ń dán. Ó tún mú.

Ọ̀rọ̀ náà rú u lójú, ló bá dá ara rẹ̀ lóhùn: "Wọ́n ti gbé ojúlówó mi lọ, wọ́n fi ayédèrú rọ́pò. Bí ayédèrú ṣe ń ṣe nìyẹn, á mú láàárọ̀, á kú nírọ̀lẹ́."

Ta ló wá pààrọ̀ rẹ̀? Kọ́kọ́rọ́ méjì péré ló wà. Ọ̀kan wà lápò òun fúnra rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ojú rẹ̀ ò kúrò lára àbúrò ìyàwó rẹ̀ mọ́. Tí ọkùnrin yẹn bá bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀, òun náà á bẹ̀rẹ̀ wò ó. Tó bá ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù, Má-fọwọ́-kàn-án á lọ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, á na etí.

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ìkùnsínú rẹ̀ nílé. "Ṣé àbúrò mi lẹ ń fura sí ni?"

"Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o."

"Ẹ bi í, ẹ jọ̀ọ́."

"Ta ló máa ń bi olè?"

Ó mú ọ̀dà pupa tí ìyàwó rẹ̀ fi ń kun èékánná, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó fi kan ẹnu bíìtì mẹ́ta kó tó kúrò níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Nígbà tó dé lọ́jọ́ kejì, kò sí ọ̀dà lára ìkankan nínú wọn.

3.

Kò dúró kí àwọn ará ilé ìwé tó wá wo iṣẹ́ lọ tán.

"Bíìtì mi dà?"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Àlàyé kí ni? Ọ̀dà pupa tí mo fi sàmì dà?"

Àbúrò ìyàwó gbé irin tó mú lọ́wọ́ sílẹ̀. "Ẹ fi ọ̀dà sàmì? Nítorí èmi?"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́! Tú àpò ẹ!"

Ó tú u lóòótọ́, níwájú gbogbo èèyàn. Aṣọ iṣẹ́, abọ́ oúnjẹ, òkúta ìpọ́n kan báyìí tó ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Má-fọwọ́-kàn-án ò tiẹ̀ wo òkúta yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin náà gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ó nu ojú, ó lọ.

4.

Háà, ẹ wá wo nǹkan! Bíìtì tó bá ti kú nírọ̀lẹ́ kò jí mọ́ láàárọ̀. Ó ra tuntun, ìyẹn náà kú kí ọ̀sán tó pọ́n. Ló bá fi ìbínú lọ bá ìyá tó ń ta irinṣẹ́.

"Màmá, ayédèrú lẹ tà fún mi!"

Ìyá náà wọ awò ojú. "Ẹ wo ẹnu rẹ̀, ó ti dúdú bí aró. Ooru ló pa á. Irin ò fẹ́ eré. Ẹ rọra, kí ẹ máa kán epo sí i, kí ẹ fi bíìtì kékeré ṣáájú ńlá."

"Ṣùgbọ́n ó máa ń mú láàárọ̀ tẹ́lẹ̀!"

"Kí ló dé tí kò ní mú? Àbúrò ìyàwó yín ló ń ra òkúta ìpọ́n lọ́wọ́ mi. Ó ní òun máa ń tètè dé ṣọ́ọ̀bù láti bá yín pọ́n wọn, torí tí òun bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun ṣe é, ẹ ò ní gbà."

Ojú tì í, ó sáré jáde. Ká ní ó gba ilé ọkùnrin yẹn lọ lójú ẹsẹ̀ ni! Rárá o. Ó ní bẹ́ẹ̀dì méje ló kù, ẹ jẹ́ kí òun parí rẹ̀ ná, káyé má baà rò pé òun ò lè dá a ṣe.

Kò sẹ́ni tó máa bá a di irin mú. Kò sì fi ìdè dè é mọ́ tábìlì. Ó fi ọwọ́ òsì di irin pẹlẹbẹ mú, ó gbé àyà lé díríìlì bó ṣe ń ṣe. Bíìtì tó ti kú há sínú ihò, irin náà yí bìrí, ó sì gé ọwọ́ rẹ̀ wọnú.

Wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù, àbúrò ìyàwó ló sì kọ́kọ́ dé bá a níbẹ̀. Má-fọwọ́-kàn-án bú sẹ́kún. "Dárí jì mí. Padà wá."

"Mo ti dárí jì yín, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ̀gbọ́n mi lẹ máa jẹ́ títí láé. Ṣùgbọ́n mi ò ní padà. Mi ò lè ṣiṣẹ́ níbi tí mo ti tú àpò bí olè."

Ìka mẹ́ta ò ká mọ́ lọ́wọ́ òsì Má-fọwọ́-kàn-án títí dòní. Ẹlòmíì ló parí bẹ́ẹ̀dì náà. Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ o. Tí irin bá ń han, tí èéfín ń rú, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ dín eré kù, ẹ kán epo sí i. Ẹ de irin mọ́lẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ dì í mú láéláé. Tí ẹ bá sì ń fura sí ẹnì kan lọ́wọ́ báyìí, ẹ pè é lónìí, ẹ bi í, kí ẹ sì panu mọ́ títí yóò fi dáhùn tán.