Ìbéèrè Tí Ambrose Fi Ṣíwájú

Ẹ̀yin tí ìwé yìí bá dé ọwọ́ yín, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fún ẹlòmíràn.

1. Aago méje àárọ̀ ni, ní ọdún 1981. Ọyẹ́ bo gbogbo Ọ̀wọ̀. Rhoda, tíṣà tuntun, ọmọ Upenmen lágbègbè Ọ̀wọ̀, sin Ambrose àfẹ́sọ́nà rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́.

"Bọ̀dá Ambrose, ìgbà wo lẹ ń bọ̀ wá rí bàbá mi?"

"Jẹ́ kí n parí ilé ná."

"Ṣé ilé lẹ fẹ́ gbé níyàwó, àbí èmi?"

Ambrose rẹ́rìn-ín, ó wọlé.

2. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ ìlànà tí kọ̀ǹpútà yóò fi pín àwọn tíṣà obìnrin sí ilé-ìwé. Ẹ̀rọ náà kì í ronú fúnra rẹ̀. Ẹ ó sọ fún un pé bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kó ṣe báyìí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kó wo èyí tó tẹ̀ lé e. Èyí tó bá kọ́kọ́ bá a mu ló máa ṣe, kò ní wo ìyókù mọ́.

Ambrose kọ ọ́ pé: bí tíṣà kò bá tíì lọ́kọ, kó lọ sí etí omi lọ́nà Òkìtìpupa. Bí ó bá ti lọ́kọ, tó sì jẹ́ ọmọ agbègbè Ọ̀wọ̀, kó dúró sílé. Rhoda ló ní lọ́kàn nígbà tó kọ èkejì, bí ẹni pé ó ti gbé e níyàwó ná.

Ìyáàfin Ajíbọ́lá, ọ̀gá rẹ̀, ní, "Fi orúkọ ẹnì kan dán an wò ná."

"Mà, ìgbà wo ni iṣẹ́ mi bàjẹ́ rí?"

3. Ó kan Rhoda. Kò tíì lọ́kọ. Ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà dúró, ó gbé e lọ sí etí omi. Ambrose bẹ̀bẹ̀ títí, wọ́n ní kò sí àyè mọ́ ní Ọ̀wọ̀.

"Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ jẹ́ kí n wà láìlọ́kọ?" Rhoda wọ ọkọ̀.

Láti ìgbà náà, lọ́jọọjọ́ Jímọ̀, Ambrose a lọ dúró ní gáréèjì, a máa wo ojú àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Òkìtìpupa. Ó parí ilé náà. Ó kun yàrá kan ní àwọ̀ ewé tí Rhoda fẹ́ràn. Kò sẹ́ni tó sùn níbẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kan, ó bá Monica, àbúrò Rhoda, ní gáréèjì, tó ń lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ó ti lọ́kọ síbẹ̀, bọ̀dá. Ó ti bímọ."

Ambrose ní, "Ṣé ó máa ń béèrè mi?"

"Ó máa ń béèrè bóyá ẹ ń jẹun dáadáa."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá ní kí ẹ dán iṣẹ́ yín wò, ẹ dán an wò. Ẹni tó ń dúró dè yín, ẹ má fi í sí ipò kejì.

Ambrose ra búrẹ́dì ńlá kan, ó ní kí Monica bá òun gbé e fún Rhoda.