Agogo Ọrùn Ẹṣin Funfun

"Àwọn ìbaaka tí mo tà fún ọ yìí ò ní tẹ̀lé ọ, Marlys," ni bàbá oníbaaka wí, bó ṣe ń so ẹrù tó kẹ́yìn. "Ogún ọdún la jọ ń ru ayùn àti oúnjẹ lọ fáwọn tó ń ṣọ́ igbó Montana tí mọ́tò ò gbọdọ̀ wọ̀. Èmi nìkan ni wọ́n mọ̀."

"Bí wọ́n bá kọ̀, mo dá wọn padà fún yín. Ṣé ó tán?"

Marlys tú agogo lọ́rùn ẹṣin funfun bàbá, ó so ó mọ́ ẹṣin tirẹ̀ lọ́rùn, ó sì gùn ún lọ. Ìbaaka méjèèje tò tẹ̀lé e. Bàbá súfèé títí. Ìkankan ò bojú wẹ̀yìn.

"Bàbá, ẹ yáa padà sílé!"

Bàbá wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti la odò kọjá lẹ́yìn agogo, omi sì ti kún bàtà rẹ̀.