Ilẹ̀kùn Pẹ́jò Bàbá

Ọjọ́ Ajé ni Houlératou gbé ilẹ̀kùn ọkọ̀ bàbá rẹ̀ láti Bantè lọ sí Savalou. Kí á má purọ́, òun kọ́ ló gbé e. Sadikou, àbúrò rẹ̀, ló jókòó sẹ́yìn alùpùpù kejì, tó gbá ilẹ̀kùn náà mọ́ àyà bí ẹni tó gbé aláìsàn. Houlératou wà níwájú pẹ̀lú àpò ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kì í ru ẹrù níbi tí àbúrò wà.

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Houlératou ló máa ń ka ìtàn ìdílé fún àwọn ọmọ: ẹni tó bí ta ni, ẹni tó ti Bobè wá, ilé tí a kì í fẹ́ ìyàwó níbẹ̀. Ó mọ àwọ̀ ewúrẹ́ tí wọ́n pa níbi ìgbéyàwó àbúrò bàbá rẹ̀, àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà ó ti wá awò ojú rẹ̀ káàkiri ilé kó tó bá a lórí ara rẹ̀. Ó sọ fún wọn pé aláwọ̀ ewé ni Pẹ́jò 404 bàbá àwọn nígbà tó ti ilé iṣẹ́ dé. Sadikou ní rárá, funfun ni.

Basirath, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà, bú sẹ́rìn-ín. “Ìyá àgbà, bí ẹ bá ti ń gbàgbé àwọ̀ ọkọ̀, kí ló kù? Ẹ jẹ́ kí bàbá àgbà Sadikou máa ka ìtàn fún wa.”

Àwọn ọmọ yòókù pàtẹ́wọ́. Houlératou yọ iwe adìyẹ kúrò lẹ́nu, iwe tó ti ń jẹ gẹ́gẹ́ bí àgbà ilé láti bí àádọ́ta ọdún.

“Bí kò bá jẹ́ àwọ̀ ewé,” ó ní, “mo fi ìtàn sílẹ̀.”

Lọ́jọ́ kejì Sadikou wá kí i. “Ẹ̀gbọ́n, mo ti rántí. Àwọ̀ ewé ni. Ẹ ti borí.”

“Ta ló ní kó o ta mí lọ́rẹ? Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó kù nínú ọkọ̀ náà yóò fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.”

“Ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà.”

“Ìwọ tó o bà á jẹ́ lo ń sọ bẹ́ẹ̀?”

Òótọ́ ni. Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ bàbá wọn, àwọn ẹbí bèèrè ẹni tó jẹ́ àgbà nínú àwọn ọmọ. Kí ẹnikẹ́ni tó lanu, Houlératou ti jókòó sórí àga bàbá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Sadikou mú ọ̀dà búlúù tí wọ́n fi kun fèrèsé, ó fi kun ilẹ̀kùn awakọ̀, nínú àti lóde. Wọ́n ní ìbànújẹ́ ló ń dà á láàmú. Òun ló kúkú ń bá bàbá rìn nínú ọkọ̀ náà, tó ń nu ilẹ̀kùn yẹn, nígbà tí Houlératou wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Savalou.

Kò sẹ́ni tó bá Houlératou du àga náà. Ìwé ìbí kò lè dá ẹjọ́ kankan: ọjọ́ kan náà ni akọ̀wé kọ ọ́ fún gbogbo ọmọ ilé, ó sì kọ “ní nǹkan bí ọdún 1952” fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí Sadikou sì ti Pira, ilé ìyá rẹ̀, dé, ó tín-ín-rín bí ọwọ̀, orí rẹ̀ kò kọjá èjìká Houlératou. Houlératou fà á lọ́wọ́, ó ní, “Àbúrò mi, máa bọ̀.” Ó tẹ̀ lé e.

Chitou tó ń tún ọ̀dà ọkọ̀ àtijọ́ ṣe ní Savalou kì í kun ohun tí kò bá di dandan. Ọ̀dà ilé iṣẹ́ ló máa ń wá jáde. Ó tú irin ìdè tó ń so ilẹ̀kùn náà mọ́ ọkọ̀, ó nu abẹ́ rẹ̀ níbi tí oòrùn kì í dé.

“Àwọ̀ ewé ni, Màmá.”

“Ẹ gbọ́?” ni Sadikou wí. “Ó tó. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

“Kí n máa fi abẹ́ ìdè han àwọn ọmọ bí ẹni tó ń fi egbò hàn? Ha gbogbo rẹ̀, ọ̀gá.”

Lọ́jọ́bọ̀ wọ́n padà wá, Basirath sì bá wọn wá láti jẹ́rìí. Chitou ti fi pépà oníyanrìn tí a rẹ sómi ha búlúù náà kúrò díẹ̀díẹ̀. Òde ilẹ̀kùn ń dán bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn òjò.

“Ẹni tó kun èyí kò mọ iṣẹ́ rárá,” Chitou ní. “Kò ha ojú ilẹ̀kùn, kò fi ọ̀dà ìsàlẹ̀ sí i. Òun ló jẹ́ kí ti ilé iṣẹ́ yè.”

Houlératou rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi yẹ̀. Basirath kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì. Sadikou ti di ilẹ̀kùn mú láti gbé e.

“Inú rẹ̀ ńkọ́?” Houlératou bèèrè.

“Búlúù ṣì ni, Màmá. Ṣebí ẹ lè fi páálí bò ó.”

“Ẹ̀gbọ́n, ta ni yóò wo inú ilẹ̀kùn?” Ohùn Sadikou lọ sílẹ̀. “Mo bẹ̀ yín.”

“Èmi ni yóò wò ó. Ìtàn tí a kà dé ìdajì, irọ́ ni. Ọ̀gá, ha á. A óò dúró.”

Sadikou jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún. Chitou rẹ pépà sómi. Omi búlúù ń ṣàn sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó dáwọ́ dúró, ó fi àkísà nu ojú kan, ó sì pe Basirath pé kó wá bá òun kà á.

Lórí àwọ̀ ewé náà, níbi tí bàbá wọn ti fi ìṣó kọ̀wé tí ọ̀dà Sadikou sì ti dì sínú ojú ìlà, Basirath kà á sókè létí gbogbo wọn pé: “Àwọn ọmọ mi bí mo ṣe bí wọn: Sadikou, 1950, Houlératou, 1952.”