Àlàfo Kan Ṣoṣo

"Ọ̀gá, sáfà ilé ìwòsàn tún ti dákú," Kaisu wí. "Ìdì dátà tó tóbi ju ìwọ̀n lọ ló wọlé."

Alábòójútó kóòdù náà gbé kọfí rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ kọ ohun tí yóò máa dá a padà lẹ́nu ọ̀nà."

"Veikko ti kọ ọ́ lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lẹ kọ̀ ọ́, nítorí àlàfo kan níparí ìlà. Àlàfo nìkan lojú yín ń rí!"

"Kó tún fi ránṣẹ́. N ó gbà á lónìí."

Ó pe Veikko ní Oulu fúnra rẹ̀. Obìnrin kan ló dáhùn.

"Ìyàwó rẹ̀ ni mí. A sin ín lọ́dún Àjíǹde. Ó ní bí ẹ bá pè, kí n sọ pé òun ti yọ àlàfo náà."