Ajá Ìyá Olúgbémiga àti Abẹ́rẹ́ Màlúù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ajá, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì.

1.
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àdúgbò Basin ní Ìlọrin ní nǹkan bí ọdún 1990, ẹ ó rántí pé ilé ò tíì fún mọ́ra wọn nígbà náà. Koríko ló wà lẹ́yìn ilé, àwọn èèyàn ń ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ sun oorun ọ̀sán. Ayé dùn, jàre!

Ibẹ̀ ni Olúgbémiga, akọ̀wé ìjọba, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, ń gbé pẹ̀lú Bọ́sẹ̀dé ìyàwó rẹ̀, Ìfẹ́ ọmọ wọn, àti ìyá rẹ̀ tójú rẹ̀ ti di bàìbàì. Tọkọtaya òyìnbó kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì ń padà sílé, wọ́n fi ajá wọn sílẹ̀ fún un: ajá onírun gígùn, ẹlẹ́nu ṣóńṣó, irú èyí tí wọ́n fi ń da àgùntàn nílùú wọn. Ajá náà lóyún fún ajá àdúgbò, ọmọ kan ṣoṣo ló sì yè. Ọmọ yìí ò jọ ìyá rẹ̀ rárá. Irun rẹ̀ kúrú, ó pupa bí ajá ilé gbogbo. Ìyá Olúgbémiga sọ ọ́ ní Ẹ̀yinlẹmọ̀, kó lè fi dá àwọn aládùúgbò tó ń bú u pé ó ń fún ajá ní mílíìkì lóhùn.

Àṣé iṣẹ́ ìyá ajá wà lára ọmọ! Bí Ìyá bá ń tẹ̀pá lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó bá ti yà kúrò lójú ọ̀nà, Ẹ̀yinlẹmọ̀ á lọ dúró níwájú rẹ̀, á máa fi imú ti orúnkún rẹ̀ títí á fi padà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ìyá á máa rẹ́rìn-ín: "Ẹ wá wò ó o, ajá ń dà mí bí ewúrẹ́!"

2.
Adédoyin, dókítà ẹran tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Táíwò Road, ti kìlọ̀ tipẹ́.

"Ẹ má jẹ́ kí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gún màlúù nítorí eégbọn kan ajá òyìnbó yìí o. Ohun tó ń dí oògùn náà lọ́nà kó má wọ ọpọlọ, kì í ṣiṣẹ́ lára irú wọn. Ọmọ tó bá sì bí, ẹ bi mí kẹ́ ẹ tó fún un."

Olúgbémiga ní òun ti gbọ́.

3.
Lọ́dún 1994, ìyá ajá ti darúgbó kú, eégbọn sì bo Ẹ̀yinlẹmọ̀ létí. Láyé ìgbà náà, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, Sàídù darandaran a máa gún màlúù rẹ̀ lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn Basin. Àwọn aládùúgbò á fa ajá wọn lọ, Sàídù á fi èyí tó kù nínú ìgò gún wọn. Eégbọn á já bọ́, ajá á máa sáré kiri.

Bọ́sẹ̀dé ní, "Bàbá Ìfẹ́, dókítà ní ká bi òun o."

"Ìyá Ìfẹ́, wo ajá yìí dáadáa. Kí ló fi jọ ti òyìnbó? Kí n wá gbé ajá lásán lọ Táíwò Road nítorí eégbọn, kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?"

Sàídù náà bi í, "Ọ̀gá, ajá ilé ni?"

"Ajá ilé ni! Bóo ṣe gún tàwọn yòókù ni kóo gún un."

4.
Kílẹ̀ tó ṣú, Ẹ̀yinlẹmọ̀ ti ń rìn tàgétàgé. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó ń forí sọ ògiri, ojú ò ríran mọ́. Àwọn ajá yòókù ń ṣeré níta. Olúgbémiga gbé e mọ́ àyà, ó di Táíwò Road.

"Dókítà, kò jọ ìyá rẹ̀ rárá..."

"Irun lẹ wò. Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Kò sí oògùn tó lè pa oró abẹ́rẹ́ yìí. Ká máa tọ́jú ẹ̀, ká máa gbàdúrà."

Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n sa gbogbo ipá wọn. Ajá sùn lọ, kò jí mọ́. Olúgbémiga sunkún lójú títì bí ọmọdé.

Nígbà tó délé, Ìyá jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ sísàlẹ̀, ó ń wá imú ajá.

"Gbémiga, ajá mi dà?"

"Ìyá, ẹ forí jì mí."

Ìyá ní, "Ta ni yóò wá máa dà mí bọ̀ wálé?"

Olúgbémiga ní òun á máa fa Ìyá lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà títí wọ́n fi gbé Ìyá padà sí Ọ̀mù-Àrán, kò jáde kọjá ẹnu ọ̀nà yẹn mọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi abẹ́rẹ́ màlúù gún ajá. Bí ẹ̀jẹ̀ ajá adàgùntàn bá wà lára tiyín, ì báà ṣe ẹ̀kán kan péré, ẹ má wo irun, ẹ má wo ojú. Ẹ bi dókítà ẹran kọ́wọ́ tó kan abẹ́rẹ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.